Àgọ́ Tó Rìn Lọ́sàn-án Gangan

Fèrè ọ̀sán àkọ́kọ́ dún nígbà tí Arínọlá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀ láàárín àpáta. Ó kan èèkàn kan, èèkàn tẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kan òmíràn, ìyẹn wọlé.

"Ibí ni," ló wí. "Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Àgọ́ gbọ́dọ̀ dúró kí fèrè kejì tó dún."

Àwọn mẹ́fà tó ń tẹ̀lé e kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti fẹsẹ̀ kúrò ní Ṣakí, tí wọ́n ń fi ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ rìn, tí wọ́n ń fi ọ̀sán sùn bí àdán. Ọwọ́ kálukú ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Bàbá Dáhùnsí, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, di ọ̀pá àárín mú bí ẹni tó mú ẹṣin tí ara rẹ̀ ò balẹ̀. Àwọn ọmọ Alápatà, ọkùnrin mẹ́rin ọmọ ìyá kan náà, na igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mosún, omidan tó wá láti Èkó Orí-Omi, tí ìrìn yìí jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ń fa okùn. Aṣọ àgọ́ funfun náà wú sókè, ó gba ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkè, ó sì dá a padà síbi tó ti wá.

Nígbà tí fèrè kejì dún, gbogbo wọn ti wà lábẹ́ rẹ̀.

Níta, ohun gbogbo dákẹ́. Oko dígí lọ salalu lápá ọ̀tún, ó lọ salalu lápá òsì, gbogbo dígí kọjú sókè, wọ́n ń mu oòrùn. Láàárín wọn ni ọ̀nà ẹsẹ̀ gbà kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́, pupa, bí ìlà tí wọ́n kọ sójú ọmọ. Ọ̀nà Olókùúta ni wọ́n ń pè é.

Mosún rí i pé bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù síta. Ó na ọwọ́ sí i. Kí ó tó kan bàtà, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ oòrùn, tó tutù bí ewé tuntun, ti pọ́n bí ìyeyè, ó sì ń kùn bí agbọ́n. Arínọlá fà á wọlé.

"Ṣé o fẹ́ kí òpó kà wá ní mẹ́fà ni?"

"Bàtà mi ni mo fẹ́ mú, mà."

"Bàtà ò lẹ́mìí. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé ó máa ń pẹ́ kó tó dúdú ni."

"Bóyá lára tìrẹ," Bàbá Dáhùnsí dá a lóhùn. "Lọ́dún tí Ọ̀nà Ìyákéré kú, obìnrin kan ló jáde lọ tọ̀. Kò tíì ró aṣọ rẹ̀ tán tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òpó ẹlẹ́rìí, mọ́kànlá ló gbéra nílé, mẹ́wàá ni òpó kà, torí kì í ka ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá dúdú. Ọ̀nà tí iye rẹ̀ ò bá sì pé, àwọn tó ni dígí ló ni ín. Kí òṣù yẹn tó kú, dígí ti bo ojú ọ̀nà náà pátá. Ìlú mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó o bá fẹ́ dé ọ̀kankan nínú wọn lónìí, àfi kó o lọ hu ìyẹ́."

Mosún fi ọwọ́ kejì bo ẹ̀gbà rẹ̀.

Wọ́n fi omi inú agbè ìrì rẹ gàrí, wọ́n ń fi kúlíkúlí mu ún. Agbè náà ti ń mi láti àárọ̀, ó ń fa omi jáde láti inú afẹ́fẹ́ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibí yìí gbẹ, kò ní púpọ̀ láti fún un. Arínọlá bu tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí ìyá rẹ̀, Wúràọlá, ti máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí òun ni asíwájú ọ̀nà yìí. Obìnrin tó bá ń ṣíwájú rìn, ẹ̀yìn ni í ti í jẹun.

Oyègòkè, tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ Alápatà, dùbúlẹ̀ sétí àgọ́, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé kékeré tí wọ́n rán sára aṣọ.

"Ọkọ̀ ọkùnrin yẹn ti dúró," ló wí.

Kò sẹ́ni tó bèèrè ọkùnrin wo. Láti Ṣakí ni ọkọ̀ fàdákà kan tó ń wa ara rẹ̀ ti ń tẹ̀lé wọn lójú títì àwọn oníṣẹ́ dígí. Adétọ̀nà ló wà nínú rẹ̀, aṣojú àwọn tó ni oko dígí. Kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Láràárọ̀ ló ń yọ orí lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ kú ìrìn o," á sì wo ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbà kan péré ló ń retí kó dúdú. Bí fèrè ọ̀sán bá dún, ọkọ̀ á gbé e lọ sí ilé tútù àwọn òṣìṣẹ́, á dibi ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún rí i.

Arínọlá mọ̀ ọ́n ju bí àwọn yòókù ti mọ̀ ọ́n lọ. Nígbà ọyẹ́, ó wá sílé rẹ̀ ní Ṣakí, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ó jẹ iṣu rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ọ̀nà rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó la oko dígí sí méjì bí ọ̀bẹ.

"Ìyá," ó ní, "ẹ wo ayé. Ta ló tún ń fẹsẹ̀ rìn?"

"Èmi," ni Arínọlá dá a lóhùn, ó sì kó àwo rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

"Ó dúró gbagidi," Oyègòkè tún wí. "Èéfín ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣílẹ̀kùn. Ó ti jáde o."

Gbogbo wọn sún mọ́ fèrèsé. Adétọ̀nà fi ẹ̀wù bo orí, ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, ó kọjú sí àgọ́ funfun náà, nítorí kò sí òjìji mìíràn níbi tí ojú rẹ̀ tó. Ó kọ́kọ́ ń sáré. Lẹ́yìn náà ó ń rìn. Lẹ́yìn náà ó ń ṣe bí ẹni tó mutí yó, ó ń fọwọ́ tọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí, ọwọ́ ń jó o, ó ń fà á padà. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi kúnlẹ̀. Ó ṣubú síwájú, kò sì dìde mọ́.

Mosún ti gbé ẹ̀gbà rẹ̀ sún mọ́ ẹnu, ó ń pe àwọn adóòlà. Ohùn kan dá a lóhùn, ohùn àgbà obìnrin tó ní sùúrù.

"A ti gbọ́ yín. Ẹyẹ irin kì í fò lọ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù títí fèrè ìrọ̀lẹ́ yóò fi dún."

"Ọkùnrin náà á ti kú kó tó dìgbà yẹn."

"A bá yín kẹ́dùn," ohùn náà wí, ó sì dákẹ́.

Mosún gbé ẹsẹ̀. Arínọlá ti di apá rẹ̀ mú.

"Mà, ẹ jẹ́ n lọ. Ara mi le."

"Jókòó. Bí ẹnì kan bá máa lọ, kì í ṣe ìwọ."

Oyègòkè kò kúrò lójú fèrèsé. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà," ó wí. "Ọkùnrin tó ń retí kí ọ̀kan nínú wa ṣubú, òun ló ṣubú yìí. A ò tì í. Kò sí òfin tó ní ká jáde. Kódà, òfin ní ká má jáde ni."

"Mo mọ̀," ni Arínọlá dáhùn.

Ó mọ̀ lóòótọ́, ohun tó sì ń dùn ún nìyẹn. Kò ní sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi bó bá jókòó. Àwọn tó ni oko dígí pàápàá á ní ó ṣe ohun tó tọ́. Bó bá jáde, ẹ̀gbà rẹ̀ á dúdú kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú, òpó á ka mẹ́fà. Ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ mú wà láàyè, tí àwọn ìyá ìyá rẹ̀ gbé ẹrù gbà lọ sọ́jà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ oko dígí, ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò kú sí. Ó sì tún jẹ́ pé ọmọ ènìyàn ló nà gbalaja níwájú òun yìí, tó ń yan bí ẹja.

Ó yíjú sí Bàbá Dáhùnsí. Ìdí òkè tó wà níwájú wọn ni wọ́n sin ìyàwó bàbá náà sí, nígbà tí abúlé ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà Olókùúta nìkan ló dé ibẹ̀. Lọ́dọọdún ni Bàbá ń bá wọn rìn, kó lè fa koríko orí ibojì, kó sì jókòó tì í díẹ̀.

Bàbá rí bó ti ń wo òun. "Má fi tèmi ṣe," ó wí. "Bó o bá fẹ́ jáde, jáde. Mi ò ní sọ láéláé pé ìwọ lo pa ọ̀nà mi. Àdùnní náà ò ní gbà kí n jókòó síbí, kí n máa wo ènìyàn kó máa kú, nítorí pé mo fẹ́ wá kí òun."

Arínọlá tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó fà á bo iwájú orí. Ó bu omi sọ́rùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gba abẹ́ aṣọ jáde nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Mosún.

"Ẹ̀gbà rẹ," ó ní. "Ìgbà wo ló tún di ewé?"

"Bí ẹ ṣe fà mí wọlé ni, mà."

"Kò pẹ́ rárá?"

"Kò pẹ́, mà. Bí òjìji ṣe kàn án ni."

Arínọlá yọ ọwọ́ síta díẹ̀. Ẹ̀gbà tirẹ̀ pọ́n. Ó fà á wọlé, ó tutù. Ó ń wo etí aṣọ àgọ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e sókè, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀.

"Nǹkan yìí ò mọ ibi tí a wà," ó wí níkẹyìn. "Kò mọ̀ bóyá a jókòó tàbí a dìde. Oòrùn nìkan ló mọ̀. Wọn ò sọ pé kí àgọ́ má rìn."

Ó ń tọ́ka bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ ó fa èèkàn láti inú, ẹ má yọ ọwọ́ síta. Ẹ̀yin mẹ́rin, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá àti Mosún, ọ̀pá àárín. Èmi á wà níwájú. Ojú ọ̀nà tiwa ló ṣubú sí, a ò ní yà síbì kan. Ṣùgbọ́n mi ò lè pàṣẹ èyí fún yín. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà. Bó bá gbéra, gbogbo wa la gbéra. Bí afẹ́fẹ́ bá já a gbà, gbogbo wa ló máa dúdú, bóyá ká tiẹ̀ kú pàápàá. Bí ẹnì kan bá kọ̀, a ó jókòó, mi ò sì ní bínú sí i."

Ojú gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ Oyègòkè. Àwọn àbúrò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí kò bá ṣe.

"Bàbá wa pa ẹran títí ọwọ́ rẹ̀ fi wọ́," ó wí. "Mi ò rí i rí kó jẹ́ kí màlúù kan kú sínú oòrùn. Òjìji ló máa kọ́kọ́ wá fún un." Ó mí kanlẹ̀. "Màlúù nìyẹn o."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa èèkàn àkọ́kọ́ yọ.

Bí aṣọ ti kúrò nílẹ̀, ooru wọlé sábẹ́ rẹ̀ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ tó ń jó lábẹ́ bàtà, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta láti ara dígí ọ̀tún àti ti òsì, gbogbo rẹ̀ ń wá ihò tó máa gbà. Mosún fi ẹsẹ̀ lásán kan tẹ ilẹ̀, ó kígbe jẹ́jẹ́, ó fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó fi wé ẹsẹ̀, ó sì tún di ọ̀pá mú.

"Ọ̀tún," Arínọlá wí.

Ẹsẹ̀ méje gbéra.

"Òsì."

Méje mìíràn tẹ̀lé e. Àgọ́ mì, ó tẹ̀ sápá kan, ó tún dúró. Wọ́n ń lọ. Kò yá, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ, òjìji wọn ń wọ́ tẹ̀lé wọn lórí ilẹ̀ pupa bí ẹran ọ̀sìn tó mọ olówó rẹ̀. Arínọlá kò pariwo. Ohùn kan náà tí ìyá rẹ̀ fi ń kà á fún àwọn arìnrìn-àjò nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè ló ń lò: ọ̀tún, òsì, ẹ mí, ọ̀tún, òsì, ẹ mí.

Afẹ́fẹ́ dé nígbà tí wọ́n wà láàárín méjì. Ó gbá abẹ́ aṣọ, igun ẹ̀yìn fò sókè, ẹ̀gbà àbúrò Oyègòkè tó wà níbẹ̀ sì pọ́n, ó ń kùn.

"Ẹ jókòó," Arínọlá wí.

Gbogbo wọn jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fi ara wọn di aṣọ mọ́lẹ̀. Oyègòkè na apá, ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ ọwọ́. Wọ́n dúró. Afẹ́fẹ́ náà ń wá wọn kiri lókè aṣọ, ó sú u, ó lọ. Ẹ̀gbà ọmọkùnrin náà tutù díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, orúnkún Bàbá Dáhùnsí kọ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ díẹ̀," ló wí.

"Kò síbi tí a máa fi yín sí, Bàbá," Arínọlá dáhùn. "Ilé yín ti ń lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó gbé ara lé èjìká Mosún, ó dìde.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Òjìji àgọ́ kọ́kọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó gun apá rẹ̀, ó dé ojú. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ara rẹ̀ gbóná, kò sì láàgùn. Wọ́n kan èèkàn níbẹ̀, wọ́n yí i sórí ẹní, Arínọlá sì bu lára omi tó ṣẹ́kù nínú agbè sí i lọ́rùn, sí abíyá, sí itan. Mosún ń fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó sọ pé omi ń tán.

Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó là. Arínọlá ló kọ́kọ́ rí.

"Ìyá," ó wí.

"Má sọ̀rọ̀. Mumi. Díẹ̀díẹ̀."

Ó mu ún. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pé, ojú rẹ̀ sì lọ síbi tó máa ń lọ láràárọ̀, sí ọwọ́ wọn. Ó wo ẹ̀gbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún wò wọ́n. Méje ni, méjèèje tutù bí ewé.

"Ẹ ti jáde," ó ní. "Ta ló jáde?"

"Wo òkè rẹ," Oyègòkè wí.

Adétọ̀nà wo aṣọ funfun náà. Ó gbé orí díẹ̀, ó wo ojú fèrèsé kékeré, ó rí ibi tí àgọ́ ti wà tẹ́lẹ̀, bàtà Mosún kan ṣoṣo níbẹ̀ lókèèrè. Ó dá orí padà sílẹ̀, ó sì fọwọ́ bojú. Ó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí fèrè ìrọ̀lẹ́ fi dún.

Ẹyẹ irin kò pẹ́ rárá lẹ́yìn fèrè náà. Ó bà sójú ọ̀nà, ó tú eruku pupa sókè, ohùn àgbà obìnrin ọ̀sán sì tún jáde lára rẹ̀.

"Adétọ̀nà Ẹgbẹ́yẹmí, ẹ̀gbà yín dúdú. Ẹ ṣubú síta, inú àgọ́ la bá yín. Ta ló jáde wá gbé yín?"

Adétọ̀nà ti dìde, ó fara ti ẹ̀gbẹ́ ẹyẹ irin. Arínọlá kò bẹ̀ ẹ́, kò sì ṣẹ́jú sí i. Ó dúró gírí, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bó ti wò ó lọ́jọ́ tó kó àwo níwájú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó jáde," ni Adétọ̀nà wí. "Ilé wọn ló rìn wá bá mi."

"Ọ̀rọ̀ yín kò yé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Mo ní ilé wọn ló rìn wá bá mi. Wọn ò kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbà wọn."

Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó kọjá lọ́wọ́ méjèèje. Ó dúró lórí ti àbúrò Oyègòkè, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti pẹ́ lórí ti àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn náà ó kú.

"A ti gbọ́," ohùn náà wí.

Adétọ̀nà gbé ẹsẹ̀ kan sínú ẹyẹ irin, ó dúró. "Ìyá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Iṣẹ́ mi lórí ọ̀nà yìí ò tíì tán."

"Tèmi náà ò tíì tán," Arínọlá dá a lóhùn. "Lọ sinmi. Omi ni kó o máa mu, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n ká àgọ́, Mosún sì lọ mú bàtà rẹ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, itan ń ro wọ́n, ṣùgbọ́n ìrìn wọn lọ́jọ́ yẹn kò dà bí ti àná. Àwọn ọmọ Alápatà ń rìn pẹ̀lú àyà síta. Bàbá Dáhùnsí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹrù rẹ̀. Mosún, tó ń tiro, ló ń sọ ìtàn ọ̀sán náà fún wọn padà bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Arínọlá ń gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn, kí wọ́n má baà rí bí ojú rẹ̀ ti rí.

Òpó ẹlẹ́rìí dúró sí ìdí òkè, ó ga bí ènìyàn méjì, ibi ìgbọ́wọ́lé rẹ̀ ń tàn. Wọ́n tò. Ẹni bá gbé ọwọ́ lé e, òpó á bèèrè pé ta ni, onítọ̀hún á dá a lóhùn. Dáhùnsí. Mosúnmọ́lá. Oyègòkè àti àwọn àbúrò rẹ̀. Arínọlá ló gbẹ̀yìn.

"Ta ni?"

Láti ọdún tó ti di asíwájú, orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń fi dá òpó lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ó na ọrùn, ó sì sọ ọ́ sókè kí òkè lè gbọ́.

"Arínọlá ni. Ọmọ Wúràọlá, arìn-má-bẹ̀rù-òkè. Èmi ni mo gbé ilé rìn lọ́sàn-án gangan, tí òjìji ilé mi ò já sílẹ̀. Mo gba ènìyàn lọ́wọ́ oòrùn, mi ò sì fi ọ̀nà ìyá mi dípò rẹ̀."

Òpó kùn díẹ̀.

"Arínọlá," ó wí. "Méje pé. Ọ̀nà ṣí."

Oyègòkè mi orí. "Kò gbọ́ ìyókù, mà."

Arínọlá ti gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ti kọjú sí òkè.

"Ẹ̀yin ṣáà gbọ́," ó wí.